World Trade Center, Àbújá
Ilé gogoro méjì tó wà láàárín gbùngbùn ìlú Àbújá, tí ilé-iṣẹ́ Churchgate kọ́. Ọ̀kan, alájà 24, jẹ́ ibùgbé. Èkejì wà fún ọ́fíìsì, kí èèyàn lè máa gbé nítòsí ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ìlànà ìkọ́lé tí wọ́n fi tẹ Àbújá dó, ti ọdún 1979, ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ọgbà àti igi, àmọ́ orí ilẹ̀ nìkan ni, kì í ṣe lára ilé gogoro. Ní Milan, lórílẹ̀-èdè Ítálì, igi gidi ló wà lára ilé Bosco Verticale, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2014: òjìji wọn ń bo ògiri, inú ilé sì ń tutù. Bí gíláàsì bá pọ̀ lára ilé, tí igi kò sì sí, ẹ̀rọ amúlétutù kò ní í sinmi nínú oòrùn oṣù Ẹrẹ́nà ní Àbújá.