Ìfọwọ́sí Ààrẹ Ilé-Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn àti Ipa Zaria Nínú Rẹ̀

Kòtẹ́milọ́rùn jẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ tí a fi odidi gbólóhùn ṣẹ̀dá. Ẹni tí ìdájọ́ kò tẹ́ lọ́rùn ni ó ń gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ sí ilé-ẹjọ́ tí ó ń jẹ́ orúkọ yìí. Ọdún 1976 ni a dá a sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Abala 237 ìwé òfin 1999 sọ pé, yàtọ̀ sí ààrẹ rẹ̀, iye adájọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní 49.

Ìlànà ìyànsípò

Ọ̀nà méjì ni abala 238 là sílẹ̀. Fún àwọn adájọ́ yòókù, àjọ NJC tí ó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn adájọ́ ni yóò dábàá orúkọ, Ààrẹ orílẹ̀-èdè yóò sì yàn wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ó bá kan ààrẹ ilé-ẹjọ́ náà, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ìyànsípò náà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Èyí yàtọ̀ sí ti Amẹ́ríkà, níbi tí gbogbo adájọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìjọba àpapọ̀ ti ń kọjá lọ́dọ̀ àwọn sẹ́nétọ̀.

Òfin béèrè pé kí ẹni tí a ó yàn ti pegedé gẹ́gẹ́ bí agbẹjọ́rò fún ọdún 12, ó kéré tán. Bí ipò ààrẹ bá ṣófo, adájọ́ tí ó pẹ́ jù lọ níbẹ̀ ni yóò ṣe adelé. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, a kò lè tún un yàn sípò adelé àfi bí NJC bá dábàá rẹ̀. Ti adelé nìkan ni òfin so mọ́ pípẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń ṣe àtìlẹyìn fún ìfọwọ́sí ẹnìkan gbọ́dọ̀ fi ìmọ̀ àti ìwà onítọ̀hún ṣe ẹ̀rí.

Àwọn tí ó kọ́ òfin ní Zaria

Ẹ̀ka ìmọ̀ òfin Ahmadu Bello University wà ní Kongo, níbi tí kò jìnnà sí Birnin Zazzau, ìlú àtijọ́ olódi. Mustapha Akanbi, ọmọ Ilọrin, ti kọ́ òfin ní Zaria kí ó tó lọ sí Ìlú Ọba. Òun ni ààrẹ ilé-ẹjọ́ náà láti 1992 sí 1999. Abẹ́ ìjọba ológun ni wọ́n ti yàn án. Ayo Salami, ọmọ Ganmo ní Kwara, àti Zainab Bulkachuwa, obìnrin àkọ́kọ́ tí ó dé ipò náà, gboyè òfin ní yunifásítì yìí. Níbẹ̀ náà ni Monica Dongban-Mensem, ọmọ ìpínlẹ̀ Plateau, ti gboyè.

Nígbà tí Bulkachuwa pé ẹni 70 ọdún, tí ó sì fẹ̀yìntì ní oṣù Kẹta 2020, Dongban-Mensem di adelé. Ní oṣù Keje ọdún náà ni àwọn sẹ́nétọ̀ fọwọ́ sí i. Ti Salami kò rí bẹ́ẹ̀. NJC dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù Kẹjọ 2011. Àjọ kan náà dábàá ní 2012 pé kí a dá a padà, síbẹ̀ kò padà sórí àga títí ó fi fẹ̀yìntì ní 2013. Àwọn adelé ni ó ń ṣàkóso ilé-ẹjọ́ ní gbogbo àkókò náà.

Ìdí tí ìfọwọ́sí fi ṣe pàtàkì

Ààrẹ ilé-ẹjọ́ yìí ni ó ń yan àwọn adájọ́ tí yóò gbọ́ ẹjọ́ ìbò. Ilé-ẹjọ́ yìí ni ó ń kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ ìbò Ààrẹ orílẹ̀-èdè. Ibẹ̀ náà ni ẹjọ́ ìbò àwọn aṣòfin ń parí sí. Èyí túmọ̀ sí pé àwọn sẹ́nétọ̀ ń fọwọ́ sí ẹni tí yóò yan àwọn tí ó lè dá ẹjọ́ tiwọn lọ́la. Ní 2019, Bulkachuwa yẹra kúrò nínú ẹjọ́ ìbò Ààrẹ lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ òṣèlú PDP tọ́ka sí i pé ọkọ rẹ̀ jẹ́ ẹni tí a dìbò yàn sí Sẹ́nétì lábẹ́ ẹgbẹ́ APC.

Yorùbá ka agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá sí àgbà òṣìkà. Òfin kan náà ni ó de àwọn sẹ́nétọ̀ lọ́jọ́ ìfọwọ́sí: kí wọ́n gbọ́ ti alátìlẹyìn, kí wọ́n gbọ́ ti alátakò, kí wọ́n tó sọ èyí tí wọ́n gbà.