Ta Ló Sanwó Ọkọ̀? Ìtàn Ìfẹ́ Àwọn Ọmọ Wa Lókè Òkun

Ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 1862 ni Sarah Forbes Bonetta ṣègbéyàwó ní ìlú Brighton, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Omidan mẹ́rìndínlógún ló tẹ̀ lé ìyàwó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá rí wọn lọ́jọ́ náà á ní orí ọmọ yìí mà pé o. Àṣé ìyàwó ti kọ́kọ́ kọ ọkọ ọ̀hún. Ọmọ agbègbè Yewa ni Sarah. Àwọn ọmọ ogun Dàhòmẹ̀ ló kó o lẹ́rú ní kékeré, Ọba Gezo sì fà á lé Frederick Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ogun ojú omi, lọ́wọ́ lọ́dún 1850 pé kó fi ta Ọbabìnrin Victoria lọ́rẹ. Ọbabìnrin yìí ló ń náwó lé e lórí. Nígbà tí James Labulo Davies, oníṣòwò ọlọ́rọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ní òun fẹ́ ẹ, Sarah kọ lẹ́tà sí obìnrin kan tó mú bí ìyá pé òun kò ní í torí owó ta ìfọ̀kànbalẹ̀ òun. Ni wọ́n bá mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá àgbà kan ní Brighton, ibẹ̀ sì sú u pátápátá. Nígbẹ̀yìn, ó gbà. Kò ní bàbá, kò ní ìyá, síbẹ̀ ẹbí rí i mú.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé àṣà ló fún òbí lágbára lórí ọmọ tó wà lókè òkun. Ní tèmi o, owó ni mo rí níbẹ̀. Ẹni tó sanwó ọkọ̀ ló máa ń fẹ́ mọ ẹni tí ọmọ ń bá jáde.

Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, tó wà lára àwọn tó dá WASU, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1925, kò dúró kí ẹnikẹ́ni wá ìyàwó fún un. Lọ́dún 1929 ó wá káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti wá owó tí wọn yóò fi gba ilé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó wá owó, ó sì rí Ọpẹ́olú, tó di ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí ilé náà ṣí ní Camden lọ́dún 1933, Ọpẹ́olú ló ń bójú tó o. Ọ̀nà mìíràn tí àwọn ẹbí fẹ́ràn ni kí ọkùnrin ti gbéyàwó kó tó wọkọ̀. Awólọ́wọ̀ lọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1944: ó fi Hannah ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ sílé, ó lọ kọ́ ìmọ̀ òfin.

Lẹ́yìn ogun Hitler ni ọ̀rọ̀ wá gbóná. Owó kòkó ti wọlé, ẹlòmíràn sì fi oko dúró gba owó kó lè rán ọmọ lọ. Lọ́dún 1951 ni ọkọ̀ òkun Aureol bẹ̀rẹ̀ sí í ná Èkó sí Liverpool, ìrìn bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ọkùnrin á lọ láìní ìyàwó, lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta lẹ́tà á dé láti ilé: a ti rí ọmọ kan fún ọ. Fọ́tò á wà nínú rẹ̀. Wọn á ti wádìí ilé ọmọ náà kínníkínní: ṣé kò sí wèrè níbẹ̀, ṣé kò sí olè, ṣé kì í ṣe onígbèsè ni bàbá rẹ̀? Wọn á ṣe ìdána nílé, àbúrò ọkọ á dọ̀bálẹ̀ dípò ọkọ, ìyàwó á sì wọkọ̀ lọ bá ẹni tí kò rí rí. Òmíràn nínú wọn di àrídunnú. Òmíràn dé yàrá kan ṣoṣo tí òtútù wà, ó bá ọkùnrin tó ti ní olólùfẹ́ níbẹ̀. Fọ́tò kì í sọ tẹnu rẹ̀.

Ohun tí wọ́n bẹ̀rù jù ni kí lẹ́tà ọmọ sọ pé òyìnbó ni òun fẹ́. Gbogbo ayé rí irú rẹ̀ nígbà tí Seretse Khama, àrólé ọba àwọn Bamangwato ní ilẹ̀ tó wá di Botswana, fẹ́ Ruth Williams ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1948. Tshekedi, àbúrò bàbá rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà, fárígá. Ibí yìí gan-an ni agbára ẹbí ti kùnà: nígbà tí wọ́n pe ìpàdé ìlú lọ́dún 1949, ti ọmọ ni ìlú ṣe. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló wá lé e kúrò nílùú títí di ọdún 1956. Lọ́dún 1966, òun náà ló di ààrẹ àkọ́kọ́ ní Botswana.

Fẹlá tiẹ̀ kọjá ìyẹn. Ìṣègùn ni wọ́n rán an lọ kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1958, orin ló lọ kọ́, ó sì fẹ́ Rẹ̀mí Taylor níbẹ̀. Ẹni tó ti fi ẹ̀kọ́ dókítà sílẹ̀ láìbi ẹnì kan, ta ni yóò bi í nípa ìyàwó?

Ní báyìí tí gbogbo èèyàn ń jápa lọ sókè òkun, ilẹ̀ bàbá ni wọ́n ń tà san owó yunifásítì, nítorí náà ohùn ilé tún ti ròkè. Òfin ìlú òyìnbó náà sì dá sí i: láti oṣù kìíní ọdún 2024, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe ti ìwádìí kò lè mú ọkọ tàbí aya wá mọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, iye tí ẹni tó bá fẹ́ mú aya wọ̀lú gbọ́dọ̀ máa gbà lọ́dún fò láti £18,600 sí £29,000. Lórí WhatsApp ni ọ̀pọ̀ ti ń fẹ́ra báyìí, ìbéèrè ìyá kò sì yí padà: ọmọ ta ni, ará ibo ni?

Ṣùgbọ́n ẹ wo nọ́ọ̀sì tó ti ń ṣiṣẹ́, tó ń rán owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn àbúrò rẹ̀ wálé lóṣooṣù. Bí ó bá pè pé òun ti rí ọkọ, tó sì fi owó aṣọ ẹbí ránṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà, bàbá rẹ̀ kì í sọ pé òun kò gbà. Á kàn ní kí wọ́n sún ọjọ́ ìdána síwájú díẹ̀ ná, kí àwọn tún wádìí.