Àgbàdo Ha Ní Lẹ́tà Márùn-ún Bí? Ìtàn Wíwá Ọ̀rọ̀ Nínú Lẹ́tà

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìkòròdú tàbí ní Ẹ̀pẹ́ yóò mọ eré kan tí a fi ń pa ariwo ọmọ ilé-ìwé ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. A ó kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gígùn kan sí ara pátákó, a ó fa ìlà sí ìdí lẹ́tà kan nínú rẹ̀, a ó sì ní kí àwọn ọmọ yọ ọ̀rọ̀ onílẹ́tà márùn-ún jáde láti inú rẹ̀, kí lẹ́tà tí a fa ìlà sí nídìí má ṣe wọ́n nínú èyíkéyìí. Lójú ẹsẹ̀ ni gbogbo kíláàsì yóò dákẹ́ rọ́rọ́.

Ní ilé-ìwé kan tí n kò ní dárúkọ, mo gbé eré yìí wọ inú ẹ̀kọ́ Yorùbá. Mo béèrè ọ̀rọ̀ onílẹ́tà márùn-ún tí gb wà nínú rẹ̀. Ọmọbìnrin kan kọ àgbàdo. Akẹgbẹ́ mi kan tí ó bá mi yẹ ìwé wọn wò fi gègé fà á, ó ní lẹ́tà mẹ́fà ni. Àríyànjiyàn tí ó ti ibẹ̀ sọ kò tán ní ọjọ́ kan, òun ni ó sì mú mi wádìí bí a ṣe di ẹni tí ń ka lẹ́tà.

Ní Ẹ̀pẹ́, kì í ṣe ilé-ìwé ni lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́kọ́ fi agbára rẹ̀ hàn. Nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì lé Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, Ẹ̀pẹ́ ni ó wá fi ṣe ibùdó, àwọn Mùsùlùmí sì wà lára àwọn tí ó bá a lọ, tí lẹ́tà Lárúbáwá kì í ṣe àjèjì sí. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854, òun àti Kọ́ńsù Benjamin Campbell fọwọ́ sí ìwé àdéhùn níbẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a sì fi kọ ìwé náà. Ó pẹ́ kí lẹ́tà yìí tó di ti gbogbo ọmọ. Ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, abẹ́ rẹ̀ ni Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ sì wà títí a fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọdún 1967.

Ẹni tí ó sọ wíwá ọ̀rọ̀ nínú lẹ́tà di ayò tí gbogbo ayé mọ̀ ni Alfred Mosher Butts, ará Amẹ́ríkà, ayàwòrán ilé tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà ọ̀dá owó ọdún 1930 sí 1939. Ó ka iye ìgbà tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń jẹyọ nínú ìwé ìròyìn, ìṣirò yìí ni ó sì fi pín ọmọ ayò rẹ̀. Nínú ọmọ ayò 100, E nìkan ní 12. K jẹ́ ẹyọ kan, J jẹ́ ẹyọ kan. Orúkọ náà Scrabble kò dé títí di ọdún 1948. Kí òǹkàwé kíyè sí i pé ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì ni Butts kà. Ká ní ti Yorùbá ni, ta ni yóò sọ pé k àti j ṣọ̀wọ́n?

Ìdíje ti gbogbo àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ní London ní ọdún 1991. Fún ọdún mélòó kan, èrò àwọn ọ̀gá ni pé ọ̀rọ̀ gígùn ni ó ń pa ayò, nítorí pé ẹni tí ó bá lo ọmọ ayò 7 ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà yóò gba máàkì 50 lé e. Àwọn ọmọ Nàìjíríà rò ó síwá sẹ́yìn. Wọ́n rí i pé ọ̀rọ̀ gígùn a máa ṣí ojú ọpọ́n sílẹ̀ fún alátakò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi lẹ́tà 5 jẹ ayò yóò fi 2 tí ó dára pamọ́ de ọjọ́ iwájú. Wọ́n wá jókòó ti ọ̀rọ̀ onílẹ́tà márùn-ún, èyí tí ó lé ní 12,000 nínú ìwé tí a fi ń dájọ́ ayò náà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2015, ní Perth, ilẹ̀ Ọsirélíà, Wellington Jighere borí Lewis Mackay ará Britain nígbà 4 léraléra, ó sì di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí yóò gba ipò náà. Lára ọ̀rọ̀ tí ó fi jẹ ayò ni FELTY, lẹ́tà márùn-ún, máàkì 36. Ó yẹ kí a rántí pé èdè tí ó fi na onílé nínú ilé rẹ̀ kì í ṣe èdè abínibí rẹ̀.

Àwa náà ti fi ọ̀rọ̀ kún àpò wọn. IROKO wà nínú ìwé ayò náà, OBA wà níbẹ̀, òun tí wọ́n ti gba àmì ìdí rẹ̀ kúrò. Ní ọdún 2020, ìwé atúmọ̀ èdè ńlá ti Oxford gba danfo àti okada wọlé, àwọn ohun tí ń gbé wa lọ láti Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí àmì ìdí ti ń sọnù ni ìjà wà. Ẹ kọ Ẹ̀pẹ́ láìsí àmì, ẹni tí kò mọ ìlú náà lè kà á sí èpè.

Mo padà sí ọ̀rọ̀ àgbàdo. Láti ìgbà ìpàdé oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1875 ní Èkó ni a ti ń jiyàn lórí bí a ó ṣe kọ Yorùbá, títí di àkọtọ́ ọdún 1974, èyí tí ó sọ aiye onílẹ́tà mẹ́rin di ayé onílẹ́tà mẹ́ta. Lẹ́tà 25 ni a ní: fáwẹ̀lì 7, kọ́ńsónáǹtì 18, gb sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn 18 náà. A, gb, a, d, o: márùn-ún ni. Ọmọ náà ni ó gbà á, mo sì dá máàkì rẹ̀ padà. Mo ṣírò rẹ̀ fún akẹgbẹ́ mi síwájú sí i: bí a bá so kọ́ńsónáǹtì 18 mọ́ fáwẹ̀lì 7, a ó ní 126, bí a bá wá fi ohùn mẹ́ta kè é, yóò di 378. Bá, bà àti ba kò dọ́gba, lẹ́tà kan náà ni wọ́n sì ní. Ẹni tí yóò ta irú ayò yìí ní Yorùbá, ohùn ni yóò máa wá, kì í ṣe lẹ́tà nìkan.

Akẹgbẹ́ mi gbà, ṣùgbọ́n kò gbà tán. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó gbé agbọ̀n wá. Ó ní bí gb bá jẹ́ ẹyọ kan nítorí pé ìró kan ni, èé ṣe tí ọn kò fi jẹ́ ẹyọ kan? Mo dá a lóhùn pé gb wà nínú lẹ́tà 25, ọn kò sí níbẹ̀, nítorí náà lẹ́tà mẹ́rin ni agbọ̀n ní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìró mẹ́ta ni. Ó ní àwọn tí ó to lẹ́tà ni ó yẹ kí òun bá wí.