Ìka Kò Dọ́gba: Àlàyé Lórí Gígun Àpáta àti Ìpele Ìnira Rẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìka kò dọ́gba. Òwe yìí la sábà máa ń pa láti fi tu ẹni tí ìṣẹ́ ń ṣẹ́ nínú, tàbí láti fi ṣàlàyé ìdí tí ọmọ ìyá méjì fi yàtọ̀ síra; ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí àwọn tí ń fi ìka rọ̀ mọ́ ara àpáta, tí wọ́n ń gùn ún bí alángbá ti ń gun ògiri, yóò gbà pé ọ̀dọ̀ wọn gan-an ni òwe náà ń gbé, nítorí pé bí ìka kò ti dọ́gba ni àpáta kò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ náà sì ni agbára àwọn tí ń gùn ún.

Ẹni tí ń gbé ní Lekki tàbí ní Ajah, lórí ilẹ̀ oníyanrìn tó sùn gbọọrọ sáàárín ọ̀sà àti òkun, lè bi mí pé kí ló kan òun kan àpáta. Síbẹ̀, bí ó bá ti dé ọgbà ìtọ́jú igbó àti ẹranko tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lekki ní 1990, tó ti rin afárá àárín igi tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 401, tàbí tó ti gun àkàbà lọ sí ilé orí igi, ó ti mọ bí àyà ti ń já, tí àtẹ́lẹwọ́ ń làágùn, kí ayọ̀ tó dé nígbà tí a bá bojú wo ilẹ̀ láti òkè.

Àwa náà kì í ṣe àlejò nídìí gígun nǹkan. Ẹ̀gbá fi Olúmọ ṣe ààbò, Ìdànrè fi orí òkè ṣe ilé fún ọ̀pọ̀ ìran, akọ́pẹ tó gbé igbà kọ́ èjìká a sì máa wo ọ̀pẹ látòkè délẹ̀ kó tó sọ pé èyí rọrùn, èyí le. Ohun tí akọ́pẹ ń fi ojú wọ̀n yìí ni àwọn agunpáta ń fi nọ́ńbà kọ.

Àwọn ará Amẹ́ríkà pín ìrìn orí òkè sí ọ̀nà márùn-ún. Ìkínní ni ìrìn lásán, irú èyí tí à ń rìn lórí àtẹ̀gùn Ìdànrè tó lé ní 600, bí orúnkún ẹni tilẹ̀ lè máà gbà pé ìrìn lásán ni. Ní ìkejì, ọwọ́ a máa ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ìkẹta, ọwọ́ di dandan. Ní ìkẹrin, ìṣubú lè gba ẹ̀mí. Ní ìkarùn-ún, a kì í gùn láìso okùn mọ́ra. Láàárín àwọn ọdún 1950, ní àpáta Tahquitz ní Kalifọ́níà, wọ́n tún pín ìkarùn-ún yìí láti 5.0 dé 5.9, wọ́n sì rò pé ibẹ̀ ni agbára ènìyàn pin. Àfi ìgbà tí àwọn tó dé lẹ́yìn kọjá ibẹ̀, tí kò sì sí ọgbọ́n mìíràn tí wọ́n lè dá ju kí wọ́n kọ 5.10, èyí tí ọmọ ilé-ìwé tó mọ ìṣirò yóò sọ pé ó kéré sí 5.9! Báyìí ni wọ́n ń gùn ún lọ títí tí Adam Ondra, ọmọ ilẹ̀ Czech, fi dé 5.15d ní ilẹ̀ Nọ́wè ní 2017. 9c ni àwọn tí ń lo ìwọ̀n ti Faransé ń pe ìpele kan náà.

Ta ni adájọ́? Ẹni tó kọ́kọ́ gun ọ̀nà kan ni yóò dábàá ìpele rẹ̀, àwọn tó bá tẹ̀lé e yóò sì gbà á tàbí kí wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, nítorí pé ohun tó rọrùn fún ẹni gíga lè di ìyọnu fún ẹni kúkúrú, ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í sì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.

Adùn eré yìí, tó ti wọ ìdíje Òlíḿpíìkì láti ìgbà ti Tokyo ní 2021, kò ṣẹ̀yìn àwọn ìpele wọ̀nyí: wọ́n ń fi ibi tí agbára olúkúlùkù dé lónìí hàn án, àti ibi tó lè na ọwọ́ sí lọ́la. Ìbẹ̀rù ara ẹni ni a ń bá jà, ọwọ́ ẹni tó di okùn mú nílẹ̀ sì ni ẹ̀mí ẹni tó wà lókè wà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ Lekki àti Ajah, bí ẹsẹ̀ yín bá kan àpáta, ẹ béèrè ìpele rẹ̀ kí ẹ tó gbé ọwọ́ lé e, ẹ má sì jẹ́ kí ìpele ẹlòmíràn kó ìtìjú bá yín. Ìka kò dọ́gba lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá fẹ́ di òkúta mú, àtàǹpàkò tó kúrú náà ni àwọn tó gùn ń fara tì.