Àbákẹ́: Orúkọ Tí Ó Ń Wá Ilé

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bí ilé bá wá fọ́, orúkọ ni a fi ń wá ilé. Ọ̀rọ̀ Matilda McCrear nìyẹn. Ọmọ ọdún méjì péré ni nígbà tí wọ́n kó òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi Clotilda, tí ó gúnlẹ̀ sí Alabama ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1860. Wọ́n ta ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì síbòmíràn; kò tún fojú kàn wọ́n mọ́.

Lọ́dún 1931, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ẹjọ́ ní Selma láti béèrè owó gbà-má-bínú. Òfo ló bọ̀. Ó kú ní 1940. Lọ́dún 2020 ni òpìtàn Hannah Durkin gbé ìtàn rẹ̀ jáde.

Àbákẹ́ ni oríkì rẹ̀, ilà sì wà lójú rẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni, kò sí àníàní. Ṣùgbọ́n Àbákẹ́ wà ní Ìjerò, ó wà ní Arámọkọ, ó wà ní Ẹ̀fọ̀n. Oríkì orílẹ̀ ni í sọ orírun ẹni, ọmọ ọdún méjì kò sì tíì lè há a sórí. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ gba tiyín lẹ́nu ìyá àgbà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.