Bí Ẹ̀rín Ṣe Ń Gbó: Heathers àti Àwọn Ẹgbẹ́ Rẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀ràn tí ó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín ni a fi í rín. Òwe yìí ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn nígbàkígbà tí mo bá ronú nípa irú eré kan tí àwọn ará Amẹ́ríkà mọ̀ ọ́n ṣe: eré apanilẹ́rìn-ín nípa àwọn ọ̀dọ́langba ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, tí ó jẹ́ pé ikú, ìkà àti ìtìjú ni ó fi ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Ohun tí òwe náà kò sọ fún wa ni iye ọdún tí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lè lò lẹ́nu kí ó tó kan. Èyí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín. Eré kan ṣoṣo ni n óò sì fi ṣe òpómúléró ọ̀rọ̀ mi, nítorí pé ojú rẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn tí ó tẹ̀lé e ń wò, òun náà sì ni ìgbà ti bá jà jù lọ.

Heathers ni orúkọ eré náà. Daniel Waters ni ó kọ ọ́, Michael Lehmann ni ó darí rẹ̀, ó sì dé àwọn ilé sinimá Amẹ́ríkà ní ìparí oṣù kẹta ọdún 1989. Nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là ni wọ́n ná lé e lórí. Èyí tí ó pa wọlé ní ilé sinimá kò fi bẹ́ẹ̀ ju mílíọ̀nù kan lọ. Orí fídíò ni ó ti wá di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Kí a tó lè mọ ohun tí ó ń bá jà, ó yẹ kí a rántí àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀. Láàárín ọdún 1984 sí 1986, John Hughes ti gbé Sixteen Candles, The Breakfast Club àti Ferris Bueller's Day Off jáde. Nínú àwọn eré wọ̀nyí, àwọn ọ̀dọ́ a máa jẹ ìyà díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ìyà náà a máa ní òpin. Kí eré tó parí, ẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ àti ẹni tí ó ń fini ṣe yẹ̀yẹ́ yóò ti rí i pé ọ̀kan náà ni àwọn. Waters kò gba èyí gbọ́ rárá.

Ní Westerburg, ilé-ẹ̀kọ́ girama tí ó fi ojú inú dá sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ohio, àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta tí gbogbo wọn ń jẹ́ Heather ni ó ń jọba. Veronica, tí Winona Ryder ṣe, ni ìkẹrin wọn. Kò jẹ́ Heather, kò sì fẹ́ràn wọn, síbẹ̀ kò lè kúrò lẹ́yìn wọn. Ọmọkùnrin àjèjì kan wá dé, J.D., tí Christian Slater ṣe. J.D. bu oògùn tí a fi ń la ojú páìpù tí ó dí sínú ife, Veronica kò fura pé ife náà ni òun gbé, ọ̀gá àwọn Heather sì mu ún, ó kú. Veronica mọ bí a ti í kọ̀wé bí ẹlòmíràn. Ó jókòó, ó kọ ìwé ìdágbére kan bí ẹni pé ọmọ náà ni ó fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀fẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù, tí ẹnikẹ́ni kò sì fẹ́ràn, di ẹni mímọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àwọn olùkọ́ ka ìwé ìdágbére náà, wọ́n ní àwọn kò mọ̀ pé ọmọ náà ní làákàyè tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ jókòó, ó ń ṣírò iye wákàtí ìsinmi tí ó tọ́ sí irú òkú bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ kan, Arábìnrin Fleming, kó àwọn ọmọ jọ kí wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, ó sì rí i dájú pé kámẹ́rà tẹlifísọ̀n ti dé kí ẹkún tó bẹ̀rẹ̀. A ní òwe kan tí ó sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín. Èyí tí ó gbòde ní Westerburg yàtọ̀ sí èyí: níbẹ̀, ikú kì í ṣe ibi tí a ń sá sí nítorí ẹ̀sín, ọ̀nà tí a ń gbà di olókìkí ni. Nígbà tí Martha Dunnstock, ọmọ sísanra tí gbogbo wọn ń fi ṣe ẹlẹ́yà, wá rìn lọ sáàárín ọkọ̀ tí ń sáré nítorí pé ó fẹ́ kú lóòótọ́, tí kò sì kú, ẹ̀rín ni wọ́n fi í rín. Wọ́n ní ó ń fara wé àwọn gbajúmọ̀.

Ní tèmi, apá yìí kò gbó rárá. Bí ó bá yí padà, mímú ni ó tún mú sí i. Ẹni tí ó bá ti rí bí òkú ọ̀dọ́ ṣe ń di ohun tí àgbà fi ń wá ojú rere yóò mọ̀ pé Waters kò parọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo apá mìíràn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ eré, àwọn agbábọ́ọ̀lù méjì lọ fín J.D. níràn ní yàrá ìjẹun. Ó dìde, ó yọ ìbọn nínú ẹ̀wù àwọ̀lékè dúdú rẹ̀, ó sì yìn ín sí wọn lójú gbogbo ènìyàn. Kò sí ọta gidi nínú rẹ̀, wọn kò kú. Kí ni ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ láàárín ara wọn pé wọn kò ní lé e, pé wọn yóò kàn ní kí ó lọ jókòó sílé fún ìgbà díẹ̀ ni. Eré sì ń bá a lọ. Lọ́dún 1989, àwàdà lásán ni èyí, nítorí pé òǹwòran mọ̀ pé irú rẹ̀ kò sí. Lọ́dún 1994, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe òfin pé ìpínlẹ̀ tí ó bá ń gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ òun gbọ́dọ̀ rí i pé ọmọ tí ó bá gbé ìbọn wá sí ilé-ẹ̀kọ́ kúrò níbẹ̀ fún ọdún kan, ó kéré tán. Nígbà tí ó di ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 1999, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama Columbine ní ìpínlẹ̀ Colorado pẹ̀lú ìbọn àti bọ́ǹbù, wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ méjìlá àti olùkọ́ kan lọ́jọ́ náà, kí wọ́n tó pa ara wọn. Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti ṣeé ṣe mọ́ láti wo J.D. nínú ẹ̀wù dúdú yẹn kí ọkàn má lọ sí ibòmíràn.

Bẹ́ẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú eré náà tí ó yí padà. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn. Àwọn eléré Ẹ̀fẹ̀ ní ilẹ̀ Kétu, tí wọ́n ń kọrin ní òru kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jó, a máa ṣe orin tuntun fún ìwà ìbàjẹ́ tuntun. Bí ọ̀ràn kan bá ti kọjá àwàdà, akọrin lè fò ó, kí ó sì mú òmíràn. Fíìmù kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe yà á lọ́jọ́ kìíní ni yóò wà, ayé ni ó ń yí po lẹ́yìn rẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ pé Waters fúnra rẹ̀ mọ̀ pé nǹkan máa ń gbó. Ó mọ̀ pé èdè àdàlò àwọn ọ̀dọ́ kì í pẹ́ kú. Èyí tí wọ́n bá ń sọ nígbà tí ó ń kọ̀wé yóò ti di àkísà kí eré tó jáde. Nítorí náà, ó dá púpọ̀ nínú ti àwọn ọmọ Westerburg sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ẹnà ṣeré ní kékeré yóò mọ ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀: èdè tí ẹnikẹ́ni kò sọ rí kò lè di èdè àná. Ibi tí kò fura sí ni àlàyé ti wá di dandan. Nígbà tí àwọn méjèèjì fẹ́ kí ó dà bíi pé àwọn agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n yìnbọn pa jẹ́ ọkùnrin tí ń fẹ́ ara wọn, igo omi kan ni wọ́n fi ṣe ẹ̀rí, nítorí pé lójú àwọn ará Ohio ìgbà náà, ọkùnrin gidi kì í mu omi inú igo. Lónìí, tí ó jẹ́ pé omi inú igo ni wọ́n ń tà ní gbogbo ibùdókọ̀ ní Ìbàdàn, ó di dandan kí a dá eré dúró kí a tó lè ṣàlàyé ẹ̀fẹ̀ yìí.

Election gbó ní ọ̀nà tí ó yàtọ̀ pátápátá. Alexander Payne ni ó darí rẹ̀ láti inú ìwé Tom Perrotta, ó sì jáde ní ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn ọ̀ràn Columbine. Kò sí ìbọn nínú rẹ̀. Ní Omaha, ọmọbìnrin kan, Tracy Flick, fẹ́ di ààrẹ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Olùkọ́ rẹ̀, McAllister, kò lè fara da ìtara ọmọ náà, ó sì sọ ìbò méjì sínú agbọ̀n ìdọ̀tí kí ọmọ náà má baà wọlé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀gbẹ́ olùkọ́ ni àwọn òǹwòran wà. Orúkọ Tracy Flick di èébú tí wọ́n ń bú obìnrin tí ó bá ń lépa ipò. Nígbà tí Hillary Clinton du ipò ààrẹ lọ́dún 2008, wọ́n fi í wé e. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀: olùkọ́ mìíràn, àgbàlagbà tí ó ní ìyàwó, ti bá Tracy lò pọ̀ nígbà tí ọmọ náà ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Inú ń bí McAllister nítorí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ pàdánù iṣẹ́, ọmọ ni ó sì di ẹ̀bi rù. Láti ọdún 2017, tí àwọn obìnrin ti ń sọ ohun tí ojú wọn rí ní gbangba, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti tún eré náà wò, ó sì yà wọ́n lẹ́nu pé ohùn McAllister ni àwọn gbà gbọ́ láti ọjọ́ yìí. Perrotta náà padà sí ọ̀dọ̀ Tracy nínú ìwé mìíràn lọ́dún 2022. Ayé ni ó sọ Heathers di ohun tí ń dẹ́rù bani. Ní ti Election, ojú àwa òǹwòran ni ó là, nítorí pé ẹ̀rí náà ti wà nínú eré ní gbogbo ìgbà tí a ń rẹ́rìn-ín.

Ti Mean Girls ti ọdún 2004 kò ní gbà wá ní àkókò púpọ̀. Mark Waters, arákùnrin Daniel Waters, ni ó darí rẹ̀, Tina Fey ni ó sì kọ ọ́. Ọmọbìnrin tí ó ń jọba ṣì wà, àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ṣì wà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò kú. Ó dùn ún wò. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn Columbine, ohun tí ó ṣeé ṣe nìyẹn.

Àwọn kan ti gbìyànjú láti sọ Heathers fúnra rẹ̀ di ọ̀dọ́. Laurence O'Keefe àti Kevin Murphy sọ ọ́ di eré olórin, wọ́n gbé e dé New York lọ́dún 2014 àti London lọ́dún 2018. Orin jẹ́ kí ẹni tí ó kú lè padà wá kọrin, èyí sì mú ìbànújẹ́ náà fúyẹ́. Tẹlifísọ̀n ni ó ṣòro fún. Ilé-iṣẹ́ Paramount Network ti ṣètò láti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé tiwọn jáde ní oṣù kẹta ọdún 2018. Ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún náà, ènìyàn mẹ́tàdínlógún kú nínú ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Parkland, ní ìpínlẹ̀ Florida. Wọ́n sún un síwájú, wọ́n gé e, nígbà tí ó sì jáde ní oṣù kẹwàá, kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí òun rẹ́rìn-ín sí.

Mo gbà pé ó sàn kí a fi eré àtijọ́ sílẹ̀ bí ó ti wà. Wọ́n tilẹ̀ ti gbọ́n ọn níṣẹ́ tẹ́lẹ̀: nínú èyí tí Waters kọ́kọ́ kọ, bọ́ǹbù fọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà túútúú, gbogbo àwọn ọmọ sì bá ara wọn ní ọ̀run níbi tí wọ́n ti ń jó pọ̀. New World Pictures tí ó ń náwó sí i kò gbà, wọ́n ní kí ó yí i padà. Nínú èyí tí a ń wò, J.D. nìkan ni bọ́ǹbù pa, ní ìta. Veronica, tí èéfín ti dú lójú, padà wọlé lọ bá Martha, ó ní kí wọ́n jọ wo fíìmù ní alẹ́ ijó.

Ní ìgbà díẹ̀ tí mo ti fi eré yìí han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, níbi tí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ti ń ṣírò wákàtí ni wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín jù. Níbi ìyìnbọn nínú yàrá ìjẹun, yàrá wa a máa pa lọ́lọ́. Lọ́dún kan, ọmọbìnrin kan béèrè lọ́wọ́ mi nígbà tí àwọn ọlọ́pàá yóò dé. Mo sọ fún un pé wọn kò wá.