Ta Ló Rẹ́ Ògiri Náà?

Kí sìmẹ́ńtì tó dé, amọ̀ ni àwọn baba ńlá wa fi ń mọ ilé. Ọkùnrin ló ń mọ ògiri, àwọn obìnrin ló ń rẹ́ ẹ, tí wọ́n á fi ọwọ́ pa á títí yóò fi dán. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ di ọ̀rọ̀ yẹn mú: rẹ́.

Láàárín ọdún 1800 sí 1900, àwọn Àgùdà ń ti Brazil padà sí Èkó. Ẹrú ni púpọ̀ nínú wọn, tàbí òbí wọn, ti jẹ́ ní Bahia, níbi tí àwọn kan ti kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà. Ọ̀gá kan láàárín wọn, João Baptista da Costa, ló kọ́ Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. (Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn Àgùdà yìí kan náà tí a fi orúkọ wọn pe ìjọ Kátólíìkì!) Ṣùgbọ́n orúkọ àwọn tó ń sẹ́ yanrìn ṣọ̀wọ́n nínú ìwé, ó sì ń dùn mí.

Iṣẹ́ wọn kò kéré. Bí a bá fẹ́ kí ògiri inú ilé rí bí yanrìn etí odò, ìrẹ́ àkọ́kọ́ á nípọn. Ti ìkẹyìn á fẹ́lẹ́, yanrìn tí a fi asẹ́ sẹ́ kúnná la ó fi ṣe é. Kí ó tó gbẹ, a ó máa fi pákó pẹlẹbẹ yí i po, kí ẹyọ yanrìn lè yọ síta. Bí a bá lo irin, yóò tẹ yanrìn wọlé, ògiri á kàn máa dán ni.

Ní New York níbí, wọ́n máa ń po irun ẹran mọ́ ìrẹ́ àwọn ilé àtijọ́ kí ó má baà lanu. Yanrìn ńkọ́? Ó lé ní 100 ọdún tí wọ́n fi ń wa á ní Port Washington, ní Long Island, tí ọkọ̀ ojú omi ń kó o wá sí Manhattan.